Ọjọ́ Mọ́kànlélógún ní Dunvarley

Orí òrùlé ni Matome Sebola ń gbé. Ẹ má rò pé yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń wí o. Orí òrùlé gan-an ni, lókè ilé alájà mẹ́sàn-án kan tí wọ́n ń pè ní Strathmoor, ní Hillbrow, ní àárín ìlú Johannesburg, níbi tí táǹkì omi wà, tí ẹyẹlé ń ṣu sí. Àwọn aláwọ̀ funfun tó ń gbé inú ilé náà kò fẹ́ kí ó sùn nítòsí wọn, wọn kò sì fẹ́ jí láàárọ̀ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn dọ̀tí. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n kọ́ yàrá mọ́kànlá tó dà bí ilé adìyẹ sórí òrùlé, wọ́n kó àwọn tó ń fọ ilé síbẹ̀. Ẹni tí kò gbọdọ̀ jókòó nínú ilé, orí ilé ni wọ́n ní kó máa sùn. Tí èèyàn bá ní kí òun fi làákàyè wo ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn yìí, orí ló máa fọ́ ọ.

Láti aago márùn-ún ìdájí, orí ìkúnlẹ̀ ni Matome máa ń wà. Á so àkísà mọ́ orúnkún méjèèjì, á máa fi pólíìṣì pupa nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àjà kẹsàn-án títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn onílé á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọn á ní, "O jí ire, Jim," nítorí Jim ni gbogbo ẹni tó ń fọ ilé ń jẹ́ lẹ́nu wọn. Màdáámù kan wà ní àjà kẹrin tí Matome ti ń nu ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí wọ́n pàdé ní títì, obìnrin náà gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ó sáré kọjá sí òdìkejì. Kò mọ̀ ọ́n nígbà tó wà lórí ìdúró.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday ló máa ń le jù fún un. Yóò jókòó sẹ́bàá òrùlé, yóò máa gbọ́ bí àwọn ìyá ṣe ń pe ọmọ wọn wá wẹ̀ nísàlẹ̀. Ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ inú ilé yẹn. Ó mọ̀ pé ti àjà kejì kì í jẹ kárọ́ọ̀tì, pé ti àjà keje máa ń tọ̀ sílé, torí òun ló ń gbé àkéte rẹ̀ jáde sá. Ṣùgbọ́n Raesibe, ọmọ bíbí inú rẹ̀ tó wà lábúlé ní Moletji lọ́hùn-ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré ló ti rí i láti ìgbà tó ti kúrò nílé. Kò mọ ohun tí ọmọ náà kì í jẹ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn ún débi pé ó máa ń dìde níbẹ̀, á lọ máa fọ aṣọ tí kò dọ̀tí.

Ohun tó gbé e ró ni kíka oṣù. Òfin ìgbà yẹn ni pé aláwọ̀ dúdú tó ti ìgbèríko wá kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí méjìléláàádọ́rin lọ nígboro, àfi tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń buwọ́ lu páàsì rẹ̀, ìwé àṣẹ tó gbọ́dọ̀ máa mú kiri, lóṣooṣù. Ìyàwó kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e wá, ọmọ kò gbọdọ̀ tẹ̀lé e wá. Ṣùgbọ́n tó bá fi ọdún mẹ́wàá gbáko sin ọ̀gá kan ṣoṣo, tí kò já láàárín, wọn á lu òǹtẹ̀ kan sínú páàsì náà. Ìgbà yẹn ló tó lè béèrè ilé ní Soweto, kí ìyàwó rẹ̀ wá bá a, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò bá tíì lọ sílé ọkọ.

Matome wọ Strathmoor ní oṣù Kẹta ọdún 1956, nígbà tí Raesibe ṣì ń rá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ka ìbuwọ́lùwé. Ọgọ́fà ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1960, tẹligíráàmù dé, ó gbé e lọ bá Hattingh, òyìnbó tó ń bójú tó ilé náà. Hattingh kà á, ó ní, "Ó mà ṣe o. Máa lọ, mi ò dá ẹ dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé àwọn tó ń wáṣẹ́ ò tán lẹ́nu géètì." Matome kò lọ. Àbúrò rẹ̀ ló bu erùpẹ̀ sí sàréè ní ipò àkọ́bí. Títí di òní, àwọn arúgbó kan wà ní Moletji tí kì í dá a lóhùn bó bá kí wọn. Ó gbé e mì. Ó ní tí òǹtẹ̀ bá ti wọlé, gbogbo rẹ̀ á di ìtàn.

Ní oṣù Kejì ọdún 1966, nígbà tó ku ìbuwọ́lùwé kan péré, ó fúnra rẹ̀ fi èdè wọn kọ lẹ́tà sí Mokgadi, ìyàwó rẹ̀. Ó ní kó ta ewúrẹ́, kó fún àbúrò òun ní kọ́kọ́rọ́, kí òun àti Raesibe wọ ọkọ̀ ojú irin tó máa gúnlẹ̀ láàárọ̀ Saturday tó kẹ́yìn oṣù Kẹta. Ó fi bàtà kan ránṣẹ́ sí ọmọ náà pẹ̀lú.

Mfaniseni, Zulu kan tí yàrá rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, tó sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ń wò ó bó ti ń lẹ àpòòwé náà pa.

"Alákaye," ni Mfaniseni máa ń pè é, torí ìbuwọ́lùwé tó máa ń kà ṣáá. "Alákaye, ṣé òǹtẹ̀ ti wọlé ni, tí o ti ń pe ìyàwó?"

"Ọ̀la ò jìnnà, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ́tà tó dé, kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́..."

"A kì í dárúkọ ọmọ tó ṣì wà nínú oyún."

"Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ bá mi yọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Mfaniseni rẹ́rìn-ín, ó sì bá a yọ̀. Wọ́n jọ jẹ túwó àgbàdo àti ẹ̀fọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, Matome sì fi wàrà kíkan tó ti ń tọ́jú lé e.

Ní ọjọ́ kejì tí ọdún mẹ́wàá pé, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó dára jù, ó lọ tò sẹ́nu ọ́fíìsì páàsì. Oòrùn pa á, ìlà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan òun, òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, gba páàsì náà, ó ń ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka tọ àwọn ìbuwọ́lùwé náà. Hattingh, Hattingh, Hattingh. Matome ń bá a kà wọ́n lọ́kàn. Lójijì ìka náà dúró.

"Ta ni Abelson?"

Matome tètè dáhùn.

"Ọ̀gá, màdáámù kan ni. Ní Dunvarley. Ọ̀gá kan náà ló ni Dunvarley àti Strathmoor nígbà yẹn. Wọ́n kàn yá mi lọ síbẹ̀ ni."

"Ohun tí mo rí nìyí: 'Matome Sebola, lábẹ́ iṣẹ́ mi, láti ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, 1963. R. Abelson.' Ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ìyẹn ọ̀gá kejì. Òǹkà ẹ ti já."

"Ọ̀gá, ọ̀gá kan náà ni."

"Kì í ṣe orúkọ kan náà." Ó wo Matome. Ẹ jẹ́ ká má parọ́ mọ́ ọn, kò burú tó bẹ́ẹ̀; ó rẹ òun náà ni. "Ẹni tó ni ilé náà ńkọ́? Kó wá jẹ́rìí sí i."

"Ó ti kú, ọ̀gá. Wọ́n ti ta ilé méjèèjì."

"Ó dáa. Lọ wá màdáámù yẹn. Kó kọ ìwé pé ṣe ni wọ́n yá ẹ, pé kì í ṣe òun lọ̀gá ẹ. Tó o bá mú un wá, màá wò ó. Ẹni tó kàn!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ Dunvarley ṣe jẹ́, torí Matome kò sọ ọ́ dáadáa fún ẹnikẹ́ni. Àwọn méjì tó ń fọ Dunvarley ni àìsàn dá wólẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni ẹni tó nilé bá ní kí Matome lọ dí àlàfo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orí òrùlé Dunvarley ló ń sùn. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú èyí tó débẹ̀, ọlọ́pàá ti ya bo òrùlé mẹ́ta ní àdúgbò náà. Gbogbo ẹni tí wọ́n bá lórí ilé tí kì í ṣe ilé inú páàsì rẹ̀ ni wọ́n kó, tí wọ́n sì dá padà sí ìgbèríko. Matome kò lè sùn. Lọ́jọ́ kejì tó débẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn ìyá arúgbó tó ń bójú tó Dunvarley, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ bá mi kọ orúkọ yín sí páàsì mi, kí wọ́n má baà kó mi." Màdáámù Abelson ní òun kò rò pé ó pọn dandan. Matome tún bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà, ó mú gègé, ó kọ ọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ni. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ na páàsì náà sí obìnrin yẹn. Kí ọlọ́pàá má baà kó o fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó já ọdún méje sọnù. Ṣé a lè bá a wí? Ẹni tí wọ́n ti fi páàsì dẹ́rù bà láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó lè sùn lórí òrùlé ilé tí kò sí nínú páàsì rẹ̀ bí? Ọ̀rọ̀ náà ń bí mi nínú, mi ò ní purọ́. Wọ́n ṣe òfin méjì. Bí o bá sá fún ọ̀kan, inú èkejì lo máa já sí.

Nígbà tó padà sórí òrùlé, Mfaniseni ti ń retí rẹ̀.

"Ó ti wọlé?"

"Rárá. Màdáámù kan báyìí ló da nǹkan rú. Ó lọ kọ orúkọ ara ẹ̀ sínú páàsì mi nígbà kan."

"Láìbi ẹ́?"

"Láìbi mí."

Bó ṣe purọ́ yẹn tán, ojú tì í. Kò kúkú sí ẹni tó fi dandan mú un. Mfaniseni ṣépè fún màdáámù náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́, Matome sì jẹ́ kó máa ṣépè. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè wà láàárín ọ̀rẹ́ kó sì dá wà.

Thursday ni ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó wádìí títí ó fi gbọ́ pé ilé àwọn arúgbó kan ní Orange Grove ni Màdáámù Abelson wà. Nọ́ọ̀sì tó ṣílẹ̀kùn ní kó gba ẹ̀yìnkùlé, ní ọ̀nà ilé ìdáná. Ìdí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ló ti dúró dè é. Obìnrin náà jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá, ó ti gbó jọjọ, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n gbé àga kan jáde fún un. Kò sí ti Matome.

"Jim! Ìwọ nìyí! Jim ti Dunvarley!"

"Èmi ni, màdáámù. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Ó mà pẹ́ o. O mọ̀ pé láti oṣù Kejìlá, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó máa wá wò mí? Ọmọ mi ti kó lọ sí Australia. Ó ń kọ lẹ́tà o. Ó ń kọ ọ́." Ó di ọwọ́ Matome mú. "Kí ni mo lè ṣe fún ẹ?"

Matome ṣàlàyé. Ó ní ìlà méjì péré tó: pé ẹnì kan náà ló nilé méjèèjì, pé wọ́n yá òun ni, pé kì í ṣe màdáámù lọ̀gá òun.

"Ìlà méjì kẹ̀? Wọn ò ní kà á sí. Màá kọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò ní lè kọ̀. O ṣiṣẹ́ fún mi bí ọmọ, ṣé kí n wá kọ ìlà méjì?"

Ó ní kí wọ́n gbé ìwé àti gègé wá fún òun. Ó kọ ọ́ títí, ó kún ewé kan, ó kún ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún mú òmíràn. Matome fẹ́ sọ pé ó ti tó. Ṣùgbọ́n òun ta ni, tí yóò sọ fún màdáámù òyìnbó bí lẹ́tà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó? Ó dúró lábẹ́ aṣọ tútù, ó ń mu tíì tí wọ́n fi ife páànù bù fún un. Nígbà tó parí, obìnrin náà fi ahọ́n lá etí àpòòwé, ó tẹ̀ ẹ́ pa.

"Lọ. Kó ìyàwó ẹ wá. Tó o bá ráyè, kí o tún wá wò mí."

"Màá wá, màdáámù. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ó rò ó pé òun máa wá. Inú rẹ̀ dùn dé ibi pé ó fẹsẹ̀ rìn padà dé Hillbrow.

Mfaniseni gbé àpòòwé náà sókè, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. "Mo lè ka òyìnbó díẹ̀. Jẹ́ kí n gbé kẹ́tùlù kaná, ooru á ṣí i, a ó tún un lẹ̀."

"Háà! Ẹ fẹ́ kí wọ́n ní a fi jìbìtì kọ ọ́? Lẹ́tà òyìnbó tí wọ́n ti ṣí!"

"Ìwọ ò fẹ́ mọ ohun tó wà ńbẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Lójú mi ló ṣe kọ ọ́."

"Lójú ẹ," ni Mfaniseni wí, ó sì da àpòòwé náà padà fún un. "Ẹni tí kò lè ka òyìnbó ni wọ́n ń kọ̀wé lójú ẹ̀."

Ní Friday, Hattingh fún un ní wákàtí méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó yẹn náà ló bá. Ó fi ọ̀bẹ tínrín ya àpòòwé, ó ń kà á lọ lọ́kàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Matome náà rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó fẹ́ràn ẹ gan-an o," ni òyìnbó náà wí. "Gbọ́: 'Matome Sebola ni òṣìṣẹ́ tó dára jù lọ tí mo ní rí. Mo ní tí mo ní, nítorí pé tèmi ni lásìkò yẹn. Mo sọ fún ẹni tó nilé pé n kò fẹ́ ẹni àyálò. Mo gbà á síṣẹ́ bó ṣe tọ́, láti inú àpò ara mi ni mo ti ń sanwó rẹ̀, bó bá sì ṣe é ṣe ni, n kì bá tí jẹ́ kó padà sí Strathmoor.'"

Ẹ̀rín Matome ṣì wà lójú rẹ̀. Kò mọ bó ṣe máa gbé e kúrò.

"Ọ̀gá, kò rí bẹ́ẹ̀. Kò san nǹkan kan fún mi. Strathmoor ló ń sanwó mi."

Òyìnbó náà gbójú sókè. "Tá a bá gbọ́ ọ yé, ò ń sọ pé màdáámù yìí ń purọ́?"

Ọlọ́pàá tó fara ti ilẹ̀kùn nàró. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, aláwọ̀ dúdú ti pe obìnrin funfun ní òpùrọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba nìyẹn. Bó bá ní rárá, a jẹ́ pé òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé náà. Matome wo ọlọ́pàá, ó wo ilẹ̀.

"Rárá, ọ̀gá."

"Ó parí." Òyìnbó fi lẹ́tà sínú fáìlì, ó mú òǹtẹ̀ kan, kì í ṣe òǹtẹ̀ tí Matome ti ń retí láti ọdún mẹ́wàá, ó lù ú. "Oṣù Kẹjọ ọdún 1963 ni òǹkà ẹ bẹ̀rẹ̀. Padà wá ní 1973."

Tẹligíráàmù kò lè bá Mokgadi mọ́. Wọ́n ti kúrò nílé.

Láàárọ̀ Saturday, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin tó jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó rí ìyàwó rẹ̀ kí ìyẹn tó rí òun. Mokgadi ru ẹrù bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí, ó fi ọwọ́ kan gbé ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bí ẹni tí kò ní ilé tó máa padà sí mọ́. Ọmọbìnrin kan gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, bàtà tuntun lọ́wọ́, kò sí lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé iwájú rẹ̀, ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó pa ọwọ́ pọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ta lò ń pè ní sà?" ni Mokgadi wí. "Bàbá ẹ nìyẹn, kì í ṣe wòlíì àlejò." Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ti ń lé lójú rẹ̀. "Bàbá Raesibe, má dá a lóhùn. Àgbà ló ń ṣe látàárọ̀."

"Bàtà ńkọ́?" ni Matome bi ọmọ náà.

"Kò gbà mí lẹ́sẹ̀, sà. Ẹsẹ̀ mi ti ju ìyẹn lọ."

Ó kó wọn lọ síbi bẹ́ǹṣì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú wọn. Ó ti ń tún ọ̀rọ̀ náà rò látàárọ̀, bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò rántí ọ̀kankan nínú rẹ̀.

"Ìyá Raesibe, wọn ò lù ú."

Mokgadi kò tètè gbọ́ ọ yé. "Wọn ò lu kí ni?"

"Òǹtẹ̀. Wọ́n ní ó ti já láàárín. Wọ́n ní kí n tún padà wá ní ọdún méje sí i."

Obìnrin náà gbé ìkòkò sílẹ̀. Ó tú bùláńkẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, ó jókòó lé e, kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Sọ fún mi bó ṣe jẹ́."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti Dunvarley, ó sọ ti páàsì, ó sọ ti lẹ́tà olójú-ewé mẹ́ta. Mokgadi tẹ́tí sí i bí ìyàwó ilé tó mọ ọkọ rẹ̀.

"Màdáámù yẹn, kí ló dé tó fi kọ orúkọ ẹ̀ sí i níbẹ̀rẹ̀? Ta ló ní kó kọ ọ́?"

Irọ́ tó pa fún Mfaniseni ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti ṣe tán. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Ó ti gbó. Nígbà wo ló gbó, tí òun kò sí ńbẹ̀?

"Èmi ni," ni ó wí. "Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́."

"Ìwọ."

"Ẹ̀rù bà mí, Mokgadi. Wọ́n ń kó àwọn èèyàn. Ẹ̀rù bà mí gan-an."

Mokgadi sunkún nígbà náà, kò pariwo, ó kàn ń fi etí ìborùn nu ojú. Lẹ́yìn èyí ló na ọwọ́, ó mú orúnkún ọkọ rẹ̀, orúnkún líle tó ti yi bí òkúta. Ó ń fọwọ́ pa á.

"Gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí, o dá ru èyí?"

"Mo dá rù ú."

"Má dá ru irú ẹ̀ mọ́."

Wọ́n jẹ túwó tútù tí Mokgadi dì wá láti ilé. Matome ní àwọn ìbátan Mokgadi wà ní Alexandra lẹ́bàá ìlú, pé òfin fún wọn ní wákàtí méjìléláàádọ́rin, pé kí wọ́n sùn níbẹ̀, òun á wá lọ́jọ́ Sunday.

"Kí n jókòó máa wo aago bí ẹni tó jalè? Ọkọ̀ kan ń padà nírọ̀lẹ́ yìí. Bá wa lọ."

"Sí Moletji?"

"Sílé. Ewúrẹ́ ti tán, mo mọ̀. A ó rí nǹkan ṣe. Bá wa lọ, Bàbá Raesibe."

Ó wù ú. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù ú. Ó wo ọmọ náà tó sùn sórí ẹrù. Ó ronú nípa ilẹ̀ gbígbẹ tó wà ní Moletji, àti owó orí tí ìjọba máa béèrè, àti àwọn ọkùnrin tó jókòó sílé níbẹ̀ láìníṣẹ́.

"Tí mo bá lọ, gbogbo ẹ̀ á ṣòfò. Ọdún méjì àti oṣù méje ti wà ńbẹ̀ báyìí, láti oṣù Kẹjọ yẹn. Ó ti..."

Mokgadi ń wò ó.

"O ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà," ni ó wí.

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Nírọ̀lẹ́, ó bá wọn gbé ẹrù wọlé. Mokgadi rí àyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Raesibe sì yọ orí síta. Láti àárọ̀, ọmọ náà ti ń wo bàbá rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, bí ẹni tó ń fi í wé àwòrán kan. Ó wá ní ìgboyà báyìí.

"Bàbá, ọdún mélòó ni wọ́n ní ó kù?"

Bàbá ló pè é. "Ọdún méje, ọmọ mi. Àti oṣù márùn-ún."

Raesibe gbé ọwọ́ sókè, ó ń ka ìka, ó ń mi ètè bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kíláàsì. "Mo máa pé mọ́kànlá nínú oṣù Kẹfà. Mọ́kànlá àti méje, méjìdínlógún." Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ pé òun gba ìṣirò náà. "Á jẹ́ pé màá ti lọ sílé ọkọ nígbà yẹn."

Mokgadi fa ọmọ náà wọlé lójijì, ó fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Raesibe ń wò wọ́n lójú, kò mọ ohun tí òun ṣì sọ. Fèrè ọkọ̀ dún.

"Jẹ́ kó sọ ọ́," ni Matome wí. Ó sún mọ́ fèrèsé, ó fọwọ́ kan orí ọmọ rẹ̀. "O gbà á, ọmọ mi. Bó ṣe jẹ́ nìyẹn."